Ọba João Karùn-ún àti Ààfin Mafra: Wúrà Ta Ni Wọ́n Fi Kọ́ Ọ?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rìn ní Pópó Àgùdà ní Èkó, tí ó sì fara balẹ̀ wo òdòdó àti oríṣiríṣi àrà tí àwọn bíríkìlà ìgbàanì fi sìmẹ́ńtì ṣe sí ojú fèrèsé àti sí orí òpó, yóò ti gbọ́ pé àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wá sílé ni wọ́n mú iṣẹ́ náà dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní kíláàsì ni ìbéèrè kan ti ń gún mi lọ́kàn. A mọ ohun tí wọ́n mú bọ̀ láti Bùràsíìlì. Ta ni ó ń béèrè ohun tí àwọn ẹrú fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún? Wúrà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wà nínú odò, ta ni ó ná an, kí ni ó sì fi ṣe?

Ìdáhùn kan wà tí ènìyàn lè fi ojú rí títí di òní. Ó wà ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Mafra, tí kò jìnnà ju 40 kìlómítà lọ sí Lisbon, olú-ìlú Pọ́túgàl. Ààfin ni. Ojú rẹ̀ nìkan fẹ̀ ju 200 mítà lọ. Yàrá inú rẹ̀ tó 1,200. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ ju 4,700 lọ. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ sì jẹ́ 156. Ààfin ọba, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti ilé àwọn mọ́ńkì ni wọ́n kọ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀, ní irú àrà ìkọ́lé tí àwọn òyìnbó ń pè ní Baroque, èyí tí wọ́n máa ń ṣe kí ẹni tí ó bá wọlé lè gbàgbé ohun tí ó fẹ́ sọ. Ẹni tí ó kọ́ ọ ni Dom João, ẹni karùn-ún tí ó jẹ́ orúkọ náà lórí ìtẹ́ Pọ́túgàl. Ìtàn ayé ọba yìí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́dún yìí, nítorí pé bí kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ adúláwọ̀ rí, ọwọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀.

A bí João ní Lisbon ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1689. Ọba Pedro Kejì ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Maria Sofia, wá láti Neuburg ní ilẹ̀ Jámánì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà ní oṣù kejìlá ọdún 1706, tí adé sì bọ́ sí i lórí láàárín ogun tí gbogbo Yúróòpù ń jà lórí ẹni tí yóò jọba ní Sípéènì. Ní ọdún 1708 ó gbé Maria Anna, ọmọ ọba ńlá ilẹ̀ Ọ́síríà, níyàwó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ gan-an ni ìyàwó yìí. Ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ nílẹ̀ wa, tí àwọn àgbà ìdílé yóò fi pariwo, ọlá ni àwọn ọba Yúróòpù kà á sí.

Ọdún kan kọjá, ọdún kejì kọjá, olorì kò gbọ́ poro lára. Ààfin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti máa ń rí; ọba tí kò bá lárólé, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á ti máa fojú wọn ilẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni àlùfáà kan nínú ẹgbẹ́ Fransisi, António de São José, ní kí ọba jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run pé òun yóò kọ́ ilé fún àwọn mọ́ńkì ẹgbẹ́ náà sí Mafra, pé bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò bímọ. Ọba jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà ní ọdún 1711. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún náà, olorì bí obìnrin. Wọ́n sọ ọ́ ní Maria Bárbara.

Àwa ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀jẹ́ ọmọ fún wa. Ẹni tí ó bá ti dé Òṣogbo nígbà ọdún Ọ̀ṣun ti rí àwọn ìyá tí wọ́n wá san ẹ̀jẹ́ àná, àti àwọn tí wọ́n wá jẹ́ tuntun. Nítorí náà n kò lè bá àwọn tí ó ń fi ọba náà ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́rìn-ín ní apá ibí yìí. Síbẹ̀ àwọn kan ti fura pé àwọn mọ́ńkì ti mọ̀ pé olorì ti lóyún kí wọ́n tó gba ọba nímọ̀ràn. José Saramago, òǹkọ̀wé Pọ́túgàl tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1998, fẹ́ iná mọ́ ìfura yìí nínú ìwé ìtàn àròsọ tí ó kọ nípa Mafra ní ọdún 1982. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Àdììtú àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àdììtú kejì ni bí ẹ̀jẹ́ náà ti ń dàgbà. Mọ́ńkì mẹ́tàlá péré ni wọ́n kọ́kọ́ wéwèé ilé fún. Láìpẹ́ ó di ogójì, ó di ọgọ́rin, nígbà tí yóò sì fi dúró, ó ti di ọ̀ọ́dúnrún mọ́ńkì, pẹ̀lú ààfin fún ọba ní ìhà kan àti òmíràn fún olorì ní ìhà kejì. Kí ni ó mú kí ilé mọ́ńkì mẹ́tàlá di òkè ńlá? Kì í ṣe àdúrà. Wúrà ni.

Láti nǹkan bí ọdún 1690 sí òkè ni wọ́n ti rí wúrà ní àárín Bùràsíìlì, ní agbègbè tí wọ́n wá ń pè ní Minas Gerais. Òfin ni pé ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo wúrà tí ẹnikẹ́ni bá wà jẹ́ ti ọba. Ní nǹkan bí ọdún 1729, wọ́n tún rí dáyámọ́ńdì níbẹ̀. Kí a ronú sí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìṣèlú. Àwọn ọba Pọ́túgàl ìṣáájú, bí wọ́n bá nílò owó, wọ́n ní láti pe ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá, àwọn àlùfáà àti àwọn aṣojú ìlú jọ, kí wọ́n tọrọ. João wà lórí ìtẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélógójì, kò pe ìgbìmọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọba tí kò tọrọ owó lọ́wọ́ ará ìlú, kí ni ó fẹ́ máa bi wọ́n léèrè? Nínú ohun gbogbo tí mo kà nípa rẹ̀, èyí ni mo rò pé ó yẹ kí àwa ọmọ ilẹ̀ tí epo rọ̀bì ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde rò dáadáa.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1717 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ Mafra lélẹ̀. Ẹni tí ọba gbé iṣẹ́ fún kò tilẹ̀ fi ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni Johann Friedrich Ludwig, ọmọ Jámánì, tí ó ti gbé ní Róòmù kí ó tó wá sí Lisbon, tí àwọn Potogí sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí João Frederico Ludovice. Bóyá ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀ṣì náà fi dàbí ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n sọ di ńlá. Òkúta aláwọ̀ rẹ́súrẹ́sú àti aláwọ̀ eérú ni wọ́n gbẹ́ láti agbègbè ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ère òkúta mábù, tí ó ju àádọ́ta lọ, Ítálì ni wọ́n ti wá.

Ọba wá fẹ́ kí wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́ ní ọjọ́ ìbí òun, kí ọjọ́ náà sì jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn tí ó ń ṣírò ọjọ́ wí fún un pé ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1730 yóò bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Bí èyí bá fi kọjá, ó di ọdún 1741. Ta ni ó mọ ẹni tí yóò dé 1741? Ni wọ́n bá fi ipá kó àwọn ọkùnrin láti gbogbo ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ Pọ́túgàl. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbóná janjan, àwọn òṣìṣẹ́ tó 45,000, àwọn ọmọ ogun 7,000 sì ń ṣọ́ wọn. Àwọn 1,383 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọjọ́ pé, wọ́n sì ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́ bí ọba ti wí, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni wọ́n sì fi ṣe àjọyọ̀. Iṣẹ́ kò tíì parí, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún fi ṣe é lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí ọba kò yẹ̀.

Àwọn 1,383 yẹn, ẹnìkan kà wọ́n. Àwọn tí ó kú nínú odò Minas kò sí nínú ìṣirò ààfin náà.

Èmi yóò dúró díẹ̀ níhìn-ín. Iṣẹ́ wúrà nígbà náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹrú a wọ inú odò títí dé orúnkún tàbí ìbàdí, omi òkè tútù bí yìnyín, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò bu iyanrìn sínú àwo igi, yóò máa fì í kiri títí iyanrìn yóò fi dànù tí wúrà yóò sì kù sí ìsàlẹ̀. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni. Àwọn tí àwọn olówó fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí ni àwọn tí wọ́n kó láti etíkun wa, èyí tí àwọn Potogí ń pè ní Costa da Mina, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ mọ ojú wúrà. Tábà Bahia ni àwọn oníṣòwò fi ń ra ènìyàn. Ní ọdún 1721 ni wọ́n kọ́ ilé odi sí Wídà, tí wọ́n ń pè ní Ajudá, tí wọ́n sì fi orúkọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi sọ ọ́. Orúkọ ọba, orúkọ ẹni mímọ́, àti orúkọ ibi tí wọ́n ti ń kó ènìyàn sọ́kọ̀: João kan náà ni.

Nígbà tí ó di ọdún 1735, nítorí pé àwọn awakùsà ń fi wúrà pamọ́, ìjọba João wá ọgbọ́n mìíràn dá. Dípò kí wọ́n máa wọn wúrà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí. Olúkúlùkù ẹni tí ó ní ẹrú ní láti san nǹkan bí gíráàmù 17 wúrà lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Owó orí ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni orí kọ́ ni ó ni owó. Bí ẹrú bá rí wúrà tàbí kò rí, bí ara rẹ̀ yá tàbí kò yá, ọba yóò gba tirẹ̀.

Kí n má bàa purọ́ mọ́ ìtàn: púpọ̀ nínú àwọn ẹrú Mina tí wọ́n kó lọ sí Minas láyé João kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Àwọn Ẹ̀gùn, Fọ̀n àti àwọn ìbátan wọn ni wọ́n pọ̀ jù. Èdè wọn gbilẹ̀ níbẹ̀ dé ibi pé ní ọdún 1741 António da Costa Peixoto kọ ìwé ọ̀rọ̀ èdè náà sílẹ̀ ní Ouro Preto, kí àwọn olówó lè gbọ́ ohun tí àwọn ẹrú wọn ń bá ara wọn sọ. Àwọn Nàgó wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ìgbà tí tiwa ya lọ bí omi ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun mìíràn tún wà tí kò dùn ún sọ. Ní ọdún 1726 àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lu Dàhòmì, láti ọdún 1730 Dàhòmì sì bẹ̀rẹ̀ sí í san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin. Dàhòmì tí ó ti gba Wídà ní 1727, tí ó ń ta ènìyàn níbẹ̀, ni ó ń san án. Nígbà tí ẹrù bá kọjá lọ́nà bẹ́ẹ̀, a kò lè sọ pé ààfin kan ṣoṣo ni ó jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Mafra, nítorí pé ìtàn ibẹ̀ kò tíì tán. Gbajúmọ̀ jùlọ nínú wọn ni ti agogo. Wọ́n ní nígbà tí ọba ránṣẹ́ sí ìlú àwọn arọ́de ní ìhà àríwá Yúróòpù pé kí wọ́n rọ agogo olóhùn púpọ̀ fún òun, àwọn tí yóò rọ ọ́ rán iye owó wá, wọ́n sì fi ẹ̀sọ̀ béèrè bóyá ilẹ̀ kékeré bí Pọ́túgàl lè san án. Ọba fèsì pé òun kò mọ̀ pé owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúkú rọ méjì. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àsọdùn ni, n kò lè búra; ṣùgbọ́n agogo méjì náà wà lókè ilé ìṣọ́ méjèèjì, ọ̀kan láti Antwerp, ọ̀kan láti Liège, gbogbo rẹ̀ sì súnmọ́ 100.

Èkejì ni ti eku. Àwọn ará Mafra ti ń sọ ọ́ láti ìran dé ìran pé nínú ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà lábẹ́ ààfin, àwọn eku kan wà tí òkété kò tó wọn, pé wọ́n máa ń jáde lóru, pé wọ́n ti jẹ ológbò, wọ́n ti jẹ ajá, wọ́n sì ti jẹ ènìyàn pẹ̀lú. Ihò wà lóòótọ́, ó sì gùn. Ti eku yẹn, ojú èmi là, n kò gbà á gbọ́. Ilé tí ó tóbi ju ìlú lọ kò lè ṣe kí ó má bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ ni ti àdán. Yàrá ìkàwé Mafra gùn ní mítà 88, ìwé inú rẹ̀ tó 36,000. Àwọn àdán kéékèèké ń gbé ibẹ̀, wọ́n máa ń jáde lóru láti jẹ kòkòrò tí ìbá jẹ ìwé. Ọba ti lọ, mọ́ńkì ti lọ, àdán ṣì ń ṣọ́ ìwé. Èyí dùn mọ́ mi ju gbogbo wúrà ibẹ̀ lọ.

Nítorí ìwé yìí, n kò lè pe João ní òpè. Òun ni ó kọ́ ilé ìkàwé ńlá tí ó wà ní yunifásítì Coimbra, òun ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn sílẹ̀ ní 1720, òun ni ó sì pe Domenico Scarlatti, olórin Ítálì, wá kọ́ Maria Bárbara ní dùùrù. Ní ọdún 1709, ojú rẹ̀ ni Bartolomeu de Gusmão, àlùfáà tí a bí ní Santos ní Bùràsíìlì, fi iná gbé bálúù kékeré oníwèé dìde sókè nínú ilé, ní ohun tí ó ju àádọ́rin ọdún lọ kí àwọn ará Faransé tó fò. Ìjọba rẹ̀ sì fa omi wọ Lisbon lórí afárá òkúta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1731. Ṣùgbọ́n láyé rẹ̀ náà ni wọ́n pa António José da Silva, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé tí a bí ní Rio de Janeiro, ní 1739, tí wọ́n sì dáná sun ún, nítorí pé ó ń ṣe ẹ̀sìn Júù ní kọ̀rọ̀. Ọba tí ó fẹ́ràn ẹ̀sìn tó bẹ́ẹ̀, tí ó ra ilé ìsìn kékeré kan odindi ní Róòmù, tí Póòpù súre fún un kí wọ́n tó tú u palẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí Lisbon ní 1747, òun kan náà ni ó bí ọmọ fún Paula, obìnrin ẹlẹ́sìn tí ó wà ní ilé àwọn sísítà ní Odivelas. Àwọn ènìyàn rẹ̀ pè é ní Ọlọ́lawọ́. Wọ́n tún ní orúkọ mìíràn fún un nítorí àwọn sísítà, tí n kò ní í kọ síhìn-ín.

Ní ọdún 1742 àrùn rọpárọsẹ̀ mú un ní ìhà kan. Ó lọ wẹ omi gbígbóná ní Caldas da Rainha lọ́pọ̀ ìgbà, kò yẹ̀ é. Ọdún mẹ́jọ ni ó fi wà bẹ́ẹ̀, àwọn àlùfáà yí i ká, ìjọba ń dẹ̀. Ní 1748 Póòpù fún un ní oyè Olóòótọ́ Jùlọ, èyí tí ó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1750 ó wàjà ní Lisbon. Mafra tí ó ná gbogbo wúrà yẹn lé lórí, kò gbé ibẹ̀ pẹ́ rí. Ibi ọdẹ àti ibi àjọyọ̀ ni ó jẹ́ fún un. Wọ́n sì ń sọ ọ́ pé owó kò sí lápò ìjọba láti sin ín. Èyí náà lè jẹ́ àsọdùn, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu pé àwọn tí ó sọ ọ́ rí ẹni gbà wọ́n gbọ́.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, ìmìtìtì ilẹ̀ wó Lisbon palẹ̀. Ààfin etí odò tí João ti kú lọ, pẹ̀lú gbogbo ìwé àti àwòrán inú rẹ̀. Mafra kò wó. Ní 1807, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon ń bọ̀, ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ João, kó ohun tí ó lè kó níbẹ̀, ó sì sá lọ sí Bùràsíìlì, ibi tí wúrà náà ti wá. Ní 1834 wọ́n lé àwọn mọ́ńkì jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1910, Manuel Kejì, ọba ìkẹyìn ní Pọ́túgàl, sùn ní Mafra. Ní ọjọ́ kejì ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun Ericeira, ó wọ ọkọ̀, kò sì padà jọba mọ́.

Ní ọdún 2019 UNESCO fi ààfin náà sínú àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Àwọn agogo tí wọ́n ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà ní 2020.